Ara Rẹ̀ Kò Yá Díẹ̀

Gbólóhùn Faransé àkọ́kọ́ tí mo kọ́ láyé mi ni "Je ne sais pas." Obìnrin aránṣọ kan ló kọ́ mi ní Aramọkọ, lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni "Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ há ìyẹn sórí," ló wí. "Òun lẹ máa lò jù."

Ọmọ Ọ̀ṣun làwọn òbí rẹ̀, àmọ́ Àbíjàn ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ló ti lọ sílé ìwé kó tó tẹ̀ lé ọkọ wá sí Èkìtì. Kì í ṣe fáàrí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan ń kú lọ ní ilé ìwòsàn ní Ìjerò, ìyá rẹ̀ kò sì mọ̀.

Ará Tógò ni ọkùnrin náà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó wa ní Ìlórò. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, omi mímu gan-an, ọwọ́ ló fi ń júwe rẹ̀. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, ó ti ń sọ Èkìtì jù mí lọ. Iṣẹ́ ìròyìn ti sọ ẹnu tèmi di ẹnu rédíò. Bí mo bá dé oko tí mo ní "iṣu," á bú sẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá, uṣu ni. Àbí ìwé ìròyìn lẹ̀ ń gún jẹ nígboro?" Bàbá mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Nínú gbogbo ọdún mẹ́fà yẹn, èmi tí mo ń fi ìbéèrè jẹun, mi ò bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni wọ́n ń pe iṣu ní èdè tiwọn.

Igi kan tó ń ṣíji bo kòkó ni bàbá mi ní kó gé. Igi náà yí padà, ìtì rẹ̀ sì wó lé e lẹ́sẹ̀ òsì. Fóònù rẹ̀ wà lápò ṣòkòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, ó rún wómúwómú, nọ́ńbà gbogbo àwọn èèyàn rẹ̀ sì bá a lọ. Àwọn ará Tógò yòókù ti lọ sílé lọ lo ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ibà gùn ún, gbogbo Èkìtì tó ń sọ sì fò lọ lẹ́nu rẹ̀. Èdè ìyá rẹ̀ nìkan ló kù. Ó ń sọ ọ́ tọ̀sán-tòru, ó ń bẹ̀ wá ní nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń bẹ̀ fún. Dókítà ní egbò náà ti ń jẹrà, pé kí a wá ẹbí rẹ̀.

Bàbá mi pè mí jókòó. "Ọmọ ọlọ́mọ ni," ó wí. "Èmi ni mo rán an sídìí igi yẹn. Bó bá máa kú, kó má kú kí ìyá rẹ̀ tó fojú kàn án. Ìwọ lo máa ń rìn kiri bi èèyàn lọ́rọ̀. Ó yá, lọ bèèrè."

Káàdì ìdánimọ̀ kan ni a rí nínú báàgì rẹ̀, orúkọ ìlú rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ohun tí mo ní lọ́wọ́ kò ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ń dúró de ìwé ìrìnnà ni mo fi kọ́ Faransé. Aránṣọ ń tẹ máṣíìnì, ó ń tún ẹnu mi ṣe. "Ẹ̀gbọ́n, ahọ́n yín le bí awọ bàtà." Ní ọjọ́ kẹta, mo ní kó kọ́ mi bí mo ṣe máa sọ pé ọmọ yín kò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn, ara rẹ̀ kò yá díẹ̀, ó ní kí ẹ wá kí òun.

Ó dá máṣíìnì dúró. "Ẹ má lọ sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ là á mọ́lẹ̀. Igi wó lé ọmọ yín, ó wà láàyè, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Il vit. Ó wà láàyè. Ọ̀rọ̀ méjì péré."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń jíṣẹ́ fún ìyá ọmọ nìyẹn? Tí àyà rẹ̀ bá já ńkọ́?"

"Ó dáa," ló wí, "ẹ̀yin lẹ mọ̀wé." Ó kọ méjèèjì sílẹ̀ fún mi.

Mo gba Sẹ̀mẹ̀, mo gba Kùtọnu, mo gba Lomé. Níbi tí a ti dúró jẹun lẹ́yìn Lomé, mo gbọ́ ìró odó, mo yọjú wò ó, iyán ni wọ́n ń gún. Fùfú ni olóúnjẹ pè é. Ní ọjọ́ mìíràn, ǹ bá ti yọ ìwé jáde, kí n bi í ní ìbéèrè méjìlá. Lọ́jọ́ yẹn, mo dá òkèlè padà sínú àwo. Ohun tí mo ń rí ni ẹsẹ̀ tó wú bí òpó lábẹ́ aṣọ ilé ìwòsàn. Mo ń ka gbólóhùn mi lábẹ́nu bí ọmọ tó ń lọ ṣe ìdánwò.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo dé ìlú náà. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ bù fún mi, wọn kò bèèrè ohun tí mo bá wá títí mo fi mu ún tán. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àgbà ilé, àwọn obìnrin sì fi mí rẹ́rìn-ín. Ara tù mí. Ebè iṣu yí ká ilé, gẹ́gẹ́ bíi ti Ìlórò. Àgbà ilé yìí ni àbúrò bàbá ọkùnrin tí mo torí rẹ̀ wá. Ọlọ́pàá ni tẹ́lẹ̀, ó sì gbọ́ Faransé dáadáa. Ìyá ọkùnrin náà jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bó iṣu. Faransé díẹ̀díẹ̀ tó fi ń tajà ní Lomé nígbà kan ló mọ̀.

Mo gbá aṣọ jọ. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé: ọmọ yín kò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn, ara rẹ̀ kò yá díẹ̀, ó ní kí ẹ wá kí òun.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ ìyá. Bàbá ọlọ́pàá ṣí fìlà.

"Ìgbà wo lẹ sin ín?" ló bi mí.

"Kò kú! Il vit! Il vit!"

"Ọ̀rẹ́ mi," ó wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ń sọ ọ́ lọ́rọ̀lọ́rọ̀ kó lè yé mi, "èmi náà ti jẹ́ irú iṣẹ́ yìí rí. Mo ti gun kẹ̀kẹ́ dé ìlú mẹ́ta lọ sọ fún ìyá mẹ́ta pé ara ọmọ wọn kò yá díẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí kò kú nínú àwọn ọmọ náà."

Ìyá ti ń ké. Mo sáré yọ fóònù mi, mo fi fọ́tò rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì hàn wọ́n. Ojú rẹ̀ padé. Ìyẹn gan-an ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn obìnrin láti ilé kejì ti ń wọlé, wọ́n ká ọwọ́ lérí.

"Ẹ jẹ́ kí ìyá bá mi lọ," mo fi Faransé wúruwùru wí. "Ojú rẹ̀ á rí i."

"Ìyá kì í lọ wo sàréè ọmọ. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín?"

Bẹ́ẹ̀ ni lọ́dọ̀ wa. Ní Yorùbá, mo lè rojọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní Faransé, ọ̀rọ̀ méjì péré ló dá mi lójú, kò sì sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́. Mo tún dọ̀bálẹ̀, mo dojú bolẹ̀ pátápátá. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. "Fóònù," mo ń sọ, mo ń na ọwọ́ sí i, "fóònù."

Orí àpáta kan lẹ́yìn ilé ìwé ni nẹ́tíwọ̀kì wà. Bàbá ọlọ́pàá gbà, bóyá nítorí àánú mi tó ṣe é. Èmi, òun àti ìyá la gòkè. Tèmi kò gba nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀, fóònù bàbá ọlọ́pàá ni mo fi pe àbúrò mi tó ń ṣọ́ aláìsàn. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó gbé e.

"Gbé e sí i létí!" mo pariwo. "Má bi mí ní nǹkan kan, gbé e sí i létí!"

Ìyá sọ̀rọ̀ sínú fóònù. Kò sí ìdáhùn. Ó tún sọ̀rọ̀. Ẹnì kan mí hẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ló lè mí bẹ́ẹ̀," ni bàbá ọlọ́pàá wí.

Ìyá bèèrè nǹkan kan, ohùn rẹ̀ le bíi ti ẹni tó ń bá ọmọdé wí. Ó pẹ́. Ẹ̀yìn náà ni a gbọ́ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta, wọn kò dún sókè. Ìyá jókòó sórí àpáta, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú.

"Kí ló wí?" mo bi bàbá ọlọ́pàá.

"Ìyá bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ó ní ebi ń pa òun." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Òkú kì í ráhùn ebi."

Kí a tó gbéra, ìyá ní kí wọ́n sọ nǹkan kan fún mi: bí ọ̀rọ̀ bá yí padà lójú ọ̀nà, kí n sọ ọ́ fún òun gbọnrangandan, kí n má tún sọ pé ara kò yá díẹ̀ sí òun létí mọ́. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ṣèlérí.

Ọjọ́ méjì ni èmi àti ìyá fi bọ̀. Ìlú tí a bá ti kọjá, ìyá á wo ojú mi: "Il vit?" Èmi náà á ní, "Il vit." Ní Iléṣà ni mo tó rí ibi fi iná sí fóònù mi. Mo pe àbúrò mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, "ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ẹ rọra máa bọ̀."

"Ṣé ó ti kú?"

"Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wa nìyẹn? Mo ní ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ẹ ṣáà máa bọ̀." Ó pa fóònù. Mo pè é léraléra, kò gbé e mọ́.

Ìyá ń wò mí. "Il vit?"

Mo ti ṣèlérí. Mo wá ọ̀rọ̀ títí, gbólóhùn àkọ́kọ́ tí aránṣọ kọ́ mi ni mo rí. "Je ne sais pas."

Ó mi orí. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi bo orí àti ojú, kò sì bèèrè mọ́. A kọjá Ìtawùrẹ́, a yí òkè Ẹ̀fọ̀n po, a kọjá Aramọkọ níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, mi ò lè ní kí awakọ̀ dúró. Mo ń rò ó pé ìyá wo ni mo lọ fà nílé wá sí ibi sàréè ọmọ rẹ̀.

Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Kò wo ojú mi. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ojú ọkùnrin náà là. Ibà ti fi í sílẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi bò ó ga níbi ẹsẹ̀ ọ̀tún. Lápá òsì, láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, ó tẹ́ mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé mo parọ́ ni?" àbúrò mi ń sọ lẹ́yìn mi, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Àná ni wọ́n gé e. Mo ní ara rẹ̀ kò yá."

Ìyá gbá orí ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ó kọjú sí mi, ó sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, ó ń nawọ́ sí bẹ́ẹ̀dì. Ọkùnrin náà túmọ̀ rẹ̀ fún mi pẹ̀lú Èkìtì rẹ̀ tó ti padà wá, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín: "Ó ní ẹ ṣèlérí fún òun. Ó ní kí ló ṣe ẹsẹ̀ mi."

"Sọ fún un," mo wí. "Sọ fún un pé igi wa ló fọ́ ọ, oko wa ni, bàbá mi ló rán ọ. Sọ pé ó ti ń jẹrà, wọ́n sì gé e kí o má bàa kú. Kò ní hù mọ́. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó sọ̀rọ̀. Kò gùn.

"Kí lo sọ fún un?" mo bi í.

"Mo ní ara mi kò yá díẹ̀."

Ìyá rẹ̀ kò wò wá. Ibi tí aṣọ ti tẹ́ yẹn ló ń wò.