Pèrègún Onílà Funfun Tí Afeezat Hú

Títí di òní, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, àyà mi ṣì ń já.

Afeezat ọ̀rẹ́ mi, tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Mowo, ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ilé wọn wà lórí rẹ̀ ní Iworo ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Pèrègún ni ọkọ náà fi pààlà bí gbogbo wa ti ń ṣe, ṣùgbọ́n tiẹ̀ jẹ́ onílà funfun, ó ń dán bí àwo tuntun. Afeezat kẹ́ ẹ bí ọmọ. Bí ẹ̀ka kan bá yọ ewé tútù lásán tí kò ní funfun, kíá ló máa gé e, ó ní á bo onílà mọ́lẹ̀.

Láńrewájú, ẹni tí ilẹ̀ wọn jọ pààlà, bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Ó ní kí ló dé tí irú ẹwà yìí fi wà lẹ́yìnkùlé, kó hú u wá síwájú ilé kí aráyé rí i. Ẹni tó bá ti yin òdòdó Afeezat ti di ẹbí rẹ̀ nìyẹn. Ó hú u, ó gbìn ín sínú ìkòkò níwájú ilé. Èmi tí mo bá a rù ú náà ò rántí pé ààlà la ń hú. Òpònú méjì!

Kò pé oṣù méjì, Láńrewájú mọ ògiri wọ ilẹ̀ Afeezat ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Bàbá Zinsu, olórí ẹbí tó ta ilẹ̀ fún àwọn méjèèjì, wá, wọ́n béèrè pèrègún ààlà, nítorí òun nìkan ni ẹ̀rí tó wà. Láńrewájú ní òun ò rí pèrègún kankan níbẹ̀ rí. Mo wo ojú rẹ̀, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Afeezat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò bu omi sí òdòdó, kò gé ẹ̀ka kankan.

Nígbà tí òjò rọ̀, pèrègún hù lẹ́yìn ògiri, lọ́dọ̀ Láńrewájú, ó tò gbọọrọ. A ránṣẹ́ sí Bàbá Zinsu. Láńrewájú rẹ́rìn-ín, ó ní onílà funfun ni ti Afeezat, ewé tútù lásán lèyí, igbó ni.

Afeezat ò bá a jà. Ó gbé ìkòkò òdòdó kan wá látiwájú ilé, pèrègún onílà tí kò gé mọ́: igi kan ṣoṣo, ewé funfun lápá kan, ewé tútù lápá kejì.

"Bàbá, gbòǹgbò rẹ̀ tó bá ṣẹ́kù sínú ilẹ̀, tútù ló máa ń hù."

Bàbá Zinsu ní kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Gbòǹgbò àtijọ́ jáde, ojú ibi tí ọkọ́ wa ti gé e ṣì wà lára rẹ̀.

"Láńrewájú, wó ògiri rẹ."

Ó wó o. Afeezat mú ọ̀bẹ tó fi ń gé ewé tútù, ó lọ fi í pamọ́ sókè àjà.