Lẹ́tà Tí Ìyá Mi Gbé Lọ Sórí Òkè

Ọdún tí ogun abẹ́lé parí, olùkọ́ ni mí ní Òṣogbo. Mo kọ̀wé sí yunifásítì mẹ́rin ní Amẹ́ríkà. Mẹ́ta ti fèsì pé rárá, nínú àpòòwé pẹlẹbẹ. Ó ku ọ̀kan. Àdírẹ́sì ìjọ wa ní Iléṣà ni mo fún wọn, nítorí a kò ní àpótí lẹ́tà tiwa.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Òṣogbo, kì í jẹ́ kí n gbádùn: "Alámẹ́ríkà! Ṣé ẹsẹ̀ ni lẹ́tà yẹn fi ń rìn bọ̀ ni? Inṣà Allah, ọjọ́ tí o bá fẹ̀yìn tì ni yóò dé."

Nígbà tí ìsinmi dé, mo lọ sílé. Mo kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ bàbá tó ń bá ìjọ gba lẹ́tà.

"Tìrẹ ti dé tipẹ́," ni wọ́n wí. "Ìyá rẹ ni mo fún. Ó nípọn bí ìwé orin."

Mo sáré délé. Yàrá ìyá mi ṣófo. Àbúrò mi obìnrin ló ṣàlàyé: "Màámi gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún ni. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já lẹ́tà náà kí ààwẹ̀ tó parí, kí ayé má baà gbọ́ sí i."

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Nílé wa, a kì í pe ẹni tó ń gbààwẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó, mo dúró.

Màámi dé, ètè wọn bó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àpòòwé náà wà nínú Bíbélì wọn, òróró àdúrà ti rin igun rẹ̀ kan. Mo já a. Ilé-ìwé náà gbà mí, wọn yóò tún san owó ẹ̀kọ́ mi. Ṣùgbọ́n èsì mi gbọ́dọ̀ dé kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó kọjá. Ìjẹta ni ọjọ́ náà.

"Kí ni wọ́n wí, ọmọ mi?"

Mo wo ètè wọn. "Wọ́n ní kò sí àyè, Màámi."

Mo tẹ wáyà ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-ìwé náà. Èsì dé pé wọ́n ti fi àyè mi fún ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, mo di akọ̀ròyìn.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, nínú àìsàn tó gbé ìyá mi lọ, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Dárí jì mí. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún ààwẹ̀ lẹ́tà rẹ, òùngbẹ fẹ́ pa mí. Mo mu omi. Òun ni wọn ò ṣe gbà ọ́."

Mo la ẹnu láti sọ òtítọ́. Òtítọ́ náà tún burú ju omi lọ.

"Omi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Màámi."

Wọ́n mi orí. Wọn ò gbà mí gbọ́.