Ọ̀sán Tí Màmá Àgbà Lọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní ìlú Ìyàrá, ìyá méjì ni mo ní nínú ilé kan ṣoṣo. Ìyá tó bí mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyáálé rẹ̀, tí mo ń pè ní Màmá Àgbà, Mùsùlùmí ni. Ògiri kan ló wà láàárín yàrá wọn. Màmá Àgbà kò bímọ, èmi ló sì fi ṣe ọmọ. Àwọn méjèèjì máa ń jà, ẹ̀yin ọmọ mi! Wọ́n á jà lórí igi ìdáná, wọ́n á jà lórí ata, ṣùgbọ́n ìjà wọn kì í di ọjọ́ kejì.

Nígbà tó yá, àìsàn gbé Màmá Àgbà dè. Ọsibítù ní ká máa gbé e lọ sílé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí bàbá mi wà lóko, Màmá Àgbà ní ká gbé òun jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí màmá mi bá òun di irun. Màmá mi gbé orí rẹ̀ lé itan, èmi ń bá wọn mú òróró dání.

"Ìyàwó, rọra! Ṣé koríko lò ń tu lórí mi ni?"

"Ẹ má bínú, ìyáálé mi. Orí yín ló le, òní kọ́ ló sì ti ń le."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú Màmá Àgbà. Àwọn tó ń kọjá ń fi èdè ìlú wa kí wa, "Òkun o!", ó sì ń gbọ́wọ́ sókè dá wọn lóhùn.

Ó ku ẹsẹ̀ irun méjì nígbà tó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ìyàwó, bá mi sọ ọ́."

Ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́ sá. Màmá mi ní, "Jókòó. Di ọwọ́ ìyá rẹ mú." Ó wá fi ẹnu sí i létí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kálímà, ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí tí Mùsùlùmí fi ń dágbére fáyé. Kò ṣi ọ̀kan sọ. Àṣé láràárọ̀ tí Màmá Àgbà ti ń kírun lẹ́yìn ògiri, màmá mi ń gbọ́ ọ. Màmá Àgbà ń gbè é. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ wúwo nínú ọwọ́ mi bíi ti ọmọ tí oorun gbé lọ. Ojú rẹ̀ tutù, ó dán. N kò tíì rí i kó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Màmá mi kò ké. Ó di ẹsẹ̀ méjì tó kù tán kó tó ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Nígbà tí bàbá mi dé, ó béèrè pé ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Àwa ni," màmá mi dáhùn. Ìgbà yẹn ló tó bú sẹ́kún.

Lóde òní, orí fóònù la ti ń gbọ́ pé èèyàn ẹni ti lọ, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. N kò bú ọsibítù o, òun ló gbà mí là lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń fi ikú pamọ́ fún àwọn ọmọ yín, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rù rẹ̀ bí olè. Ní tèmi, ikú àkọ́kọ́ tí mo rí, ìfẹ́ ló yí i ká. Bí ọjọ́ tèmi bá pé, ẹ má lé ọmọ kankan jáde.