Wáyà Orí Sàréè Bàbá Àgbà

Kò sí ohun tó ń bí mi nínú tó kí èèyàn máa fi ohùn dídùn parọ́ fún mi. Ohun tí ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù níléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì wa ṣe fún mi nìyẹn títí ọ̀rọ̀ fi sú mi. "Ẹ ṣe sùúrù, sà. Àwọn èèyàn ló máa ń pọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì lásìkò yẹn." Mo ṣe sùúrù títí tí n ò fi ní i mọ́.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ tó wà lókè òkun lórí kọ̀ǹpútà, láti yàrá mi nínú agbo ilé wa ní Bẹẹrẹ. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni kíláàsì máa ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń já. Màá wà lẹ́nu àlàyé, ojú ọmọ á dúró gbagidi, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀, iná kékeré tó wà nídìí wáyà á sì kú. Obìnrin tó ni iléèwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ti wá kọ̀wé sí mi pé bó bá tún já lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á kó àwọn ọmọ náà fún olùkọ́ mìíràn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn.

Ògiri alámọ̀ ni ilé wa, ó nípọn débi pé wáífáì ò lè gbà á kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fa wáyà láti pálọ̀, níbi tí àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì wà, gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ yàrá mi. Nígbà tó ń já, mo pààrọ̀ wáyà náà. Mo pààrọ̀ ihò tí mo ki ẹnu rẹ̀ bọ̀ nídìí àpótí. Mo tún ètò inú kọ̀ǹpútà tò kó má baà máa pa nẹ́tíwọ̀kì nítorí pé ó fẹ́ ṣọ́ iná lò. Láàárọ̀, á máa lọ geere. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wàhálà dé. Iléeṣẹ́ náà rán ẹnjiníà kan wá. Àárọ̀ ló wá, kò rí nǹkan kan, ó wá ní bóyá kọ̀ǹpútà mi ló ti darúgbó. Díẹ̀ ló kù kí n tì í jáde.

Lọ́jọ́ kan, mo ń kọ́ ọmọ kan lọ́wọ́ ni iná wáyà tún kú. N ò pe iléeṣẹ́ kankan mọ́. Mo dìde, mo di wáyà náà mú, mo ń tẹ̀ lé e lọ bí ẹni tó ń tọpasẹ̀ olè, títí mo fi dé pálọ̀.

Pálọ̀ ni wọ́n sin bàbá àgbà sí, táìlì ni wọ́n fi bo sàréè rẹ̀. Orí rẹ̀ ni wáyà mi gbà kọjá, mo sì ti fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lápá méjèèjì kí ó má baà máa kọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀. Àràárọ̀ ni mo máa ń bá téèpù náà ní títú, tí màá bú àwọn ọmọ ilé, tí màá tún un lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, bó ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn Àsárì, ó ń fi tẹ̀sùbáà ṣe àsíkìrì. Ó ti wọ́ wáyà náà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì gbé ẹsẹ̀ àga lé e. Ibi tí àga tẹ̀ ti rí pẹlẹbẹ. Bí ìyá náà bá ti mira, iná àpótí á kú, á tún tàn.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ń ba wáyà mi jẹ́ látọjọ́ yìí?"

Kò wojú mi. "O fi okùn de bàbá mi mọ́lẹ̀ nínú ilé tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́. Ṣé kí n máa wò ẹ́ ni?"

"Orí ẹ̀ la ti ń jẹun láti kékeré, Ìyá. Tóoru bá mú, ibẹ̀ là ń sùn."

"Ẹ jẹun lọ́dọ̀ bàbá yín, ẹ sùn lọ́dọ̀ ẹ̀. Èwo nínú yín ló dè é?"

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Mo wá sẹ́nu ọ̀nà ẹ. O fọwọ́ lé mi dànù, o ní o wà ní kíláàsì."

N ò lè sọ pé irọ́ ni, ìyẹn ló sì bí mi nínú jù. Ká ní ọmọ iléeṣẹ́ ni, ǹ bá bú u. Ká ní ọmọdé ni, ǹ bá nà án. Àgbàlagbà ni, òótọ́ ló tún ń sọ. N ò rí ẹni tí màá da ìbínú náà lé lórí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gun àkàbà, mo fa wáyà tuntun gba òkè, mo kàn án mọ́ igi àjà. N ò tíì sọ̀kalẹ̀ tí fóònù mi fi dún. Obìnrin oníléèwé náà ti kó gbogbo ọmọ yẹn fún ẹlòmíì. Nígbà tí mo sọ fún ìyá, ó tẹ́wọ́ sókè, ó ní Ọlọ́run á pèsè èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń wo ẹnu mi. Mo ṣe àmín, mo pa eyín pọ̀ ṣe é.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn Àsárì, mo lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nítorí pé ó ti mọ́ mi lára. Iná wáyà tàn roro, kò ṣẹ́jú rárá. Kò sí ọmọ kankan lójú kọ̀ǹpútà. Mo gbọ́ ohùn ìyá láti pálọ̀.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ báyìí?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Ìyá."