Òjò Ọjọ́ Àìkú ní Yoko

Hortense fi èékánná àtàǹpàkò kan ara ike tí ó fi ń wọn òjò. Ó tẹ orí ba. Ó sún èékánná sókè díẹ̀, ó dá a dúró. Ibi tí omi parí sí nìyẹn. Ogójì mìlímítà. Ó mí, ṣùgbọ́n èékánná kò kúrò lójú ìlà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ogójì. Ó da omi náà sídìí ọ̀pẹ, ó mú bírò.

Ó kọ ogún sí ọjọ́ Àìkú. Ó kọ ogún sí ọjọ́ Ajé.

Ọdún mẹ́ta ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Oko Raphaël, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló ti ń wọn òjò, ní Yoko. Àràárọ̀. Àwọn olùwádìí láti Pobè ló ń ṣe é fún. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀wà tí a gbìn sáàárín ọ̀pẹ kò ní jẹ́ kí àgbàrá wọ́ ilẹ̀ lọ. Oko méjì ni wọ́n ń lò: Yoko, àti ọ̀kan ní Igana. Èyí tó bá bá iṣẹ́ náà dópin ni wọn yóò fún ní ọ̀pẹ tuntun.

Ọjọ́ Àìkú nìkan ni Hortense kì í lè lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì, ní Sakété. Aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nítorí náà, omi ọjọ́ méjì ló ń bá nínú ike lọ́jọ́ Ajé. Ó ń pín in dọ́gba, kí ọjọ́ kan má baà rẹ́ èkejì jẹ.

Sabine ló rí i nínú ìwé. Òun ló ń yẹ ilẹ̀ wò láàárín àwọn olùwádìí náà, ọmọ Àjàṣẹ́. Abẹ́ àtíbàbà Raphaël ni wọ́n jókòó sí.

"Ìyá Merveille, kí ló dé tí òjò ọjọ́ Àìkú àti ti ọjọ́ Ajé fi máa ń dọ́gba níbí?"

Hortense sọ ọ́ bó ṣe rí.

Raphaël bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa! Òjò Ọlọ́run lo ń pín bí àkàrà?"

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Euloge, olórí iṣẹ́ náà, pa kàyé, ìwé òjò náà, dé. Òjò ńlá ló ń wọ́ ilẹ̀. Òjò ńlá ọjọ́ kan ti di òjò kékeré ọjọ́ méjì nínú ìwé. Wọn kò lè mọ èyí tó ṣe é mọ́.

"Ẹ ò lè fojú fò ó ni?" Raphaël béèrè.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní Pobè, kí wọ́n tó dárúkọ ilẹ̀ rárá, wọ́n ti fẹnu kò. Ohun tí a kò rí, a kì í kọ ọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kan iṣẹ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Hortense wà níbẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò rò pé pípín lè jẹ́ irọ́.

"Èmi ní ká yọ Yoko kúrò nínú iṣẹ́ náà," Sabine wí.

"Èmi náà." Euloge yíjú sí Hortense. "Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá Merveille? Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, a ò ní yọ ọ́."

"Ìyàwó," Raphaël wí, "rántí ọ̀pẹ wa o."

Hortense wá nǹkan nínú ara rẹ̀. Ìbẹ̀rù. Ìtìjú. Kò rí ọ̀kan. Gbogbo inú rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ tí a ti jókòó lé pẹ́.

"Ẹ yọ ọ́," ó ní.

Wọ́n dúpẹ́. Ó bu omi fún wọn, wọ́n mu, wọ́n gun alùpùpù wọn lọ.

Igana nìkan ló kù nínú ìwé wọn. Raphaël gbin gbágùúdá sí oko náà. Kì í pe Hortense ní ìyàwó mọ́. Orúkọ rẹ̀ ló ń pè.