Bí Àbúrò Mi Ṣe Rílé Gbà ní Manchester

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà la ti kúrò ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Ọmọ mi Ṣọlá ló wakọ̀, èmi jókòó síwájú, mo di àpò mi mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, iṣẹ́ káfíńtà ni mo ṣe jẹun, mi ò sì wọ ọkọ̀ òfúrufú rí láyé mi. Àbúrò mi obìnrin, Morẹ́nikẹ́, ló fìwé pè mí sí Manchester, níbi tó ti ń gbé láti bí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Lójú tiwa nílé, Morẹ́nikẹ́ ti di olówó. Òun ló fowó ránṣẹ́ tí a fi ra páànù tó wà lórí ilé bàbá wa. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, èsì mi ò ju ọ̀kan lọ: "Ó ń jayé ẹ̀ lọ́hùn-ún."

Ní pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà, ọ̀gá kan tú àpò mi, ó rí òòlù àti sikurudíráfà láàárín gàrí àti ẹ̀gúsí. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń lọ kanlé fún òyìnbó ni?" Mo ní, "Bí wọ́n bá bẹ̀ mí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa lọ. Irú nìkan ni kò sí nínú ẹrù náà. Ìyàwó mi ti yọ ọ́, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n tìtorí òórùn dá mi padà.

A pààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà. Nígbà tí èkejì balẹ̀ ní Manchester, òjò winniwinni ń rọ̀, irú èyí tí kì í pariwo tí kì í sì í dá. Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ kí mi lójú gbogbo òyìnbó. Mo ní, "Dìde jàre, ilẹ̀ tutù." Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Tíráàmù la wọ̀ kúrò níbẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ ojúurin kan tó máa ń bá mọ́tò pín títì. Kálukú ń fi káàdì kan ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ kó tó wọlé, kò sí kọ̀ńdọ́, kò sí ẹni tó dúró ti ilẹ̀kùn.

"Morẹ́, ta ló ń ṣọ́ wọn?"

"Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn, Bùọ̀dá."

"Ẹni tí ò bá wá sanwó ńkọ́?"

"Ọjọ́ tọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́, á mọ̀."

Háà! Mo wojú àwọn èèyàn náà títí a fi sọ̀ ní Wythenshawe. Àdúgbò tí ìjọba kọ́ ni Wythenshawe, ilé bíríkì pupa lọ́tùn-ún lósì, koríko níwájú olúkúlùkù, ó lọ salalu. Mo ń wo èwo nínú wọn ni ti àbúrò mi. Àfi ìgbà tó ṣílẹ̀kùn ilé kan tí èèyàn mẹ́rin ń gbé, tí wọ́n jọ ń lo kíṣìnì kan àti ilé ìwẹ̀ kan. Yàrá kan ṣoṣo ni tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àpótí aṣọ lábẹ́ ẹ̀. Ilẹ̀kùn ń wọ́lẹ̀, àfi kéèyàn gbé e díẹ̀ kó tó lè tì. Ó fún mi ní bẹ́ẹ̀dì, òun tẹ́ fóòmù sílẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta!

Ló bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Pọ́n-ùn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé àádọ́ta ni yàrá yẹn lóṣù, ó lé ní mílíọ̀nù kan náírà. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ ti kógbá wọlé láti oṣù márùn-ún. Onílé sì fẹ́ ta ilé, ó ti fún wọn níwèé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí wọ́n kó jáde. Bẹ́nífíìtì ló fi ń jẹun, ìyẹn owó tí ìjọba ń fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo ní, "Ìjọba ń sanwó fún ẹni tí ò ṣiṣẹ́?"

"Ẹni tó ń wáṣẹ́, Bùọ̀dá. Ó yàtọ̀."

Ó ní ohun kan ṣoṣo tó lè yọ òun ni fúláàtì káńsù. Ilé ìjọba ni, owó rẹ̀ kéré sí ti ọjà, bí èèyàn bá sì ń sanwó ẹ̀ déédéé, kò sí ẹni tó máa jí lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ tà á. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti wà lórí ìlà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé pé ó ti kàn án, kó wá dáhùn ìbéèrè ìkẹyìn.

Lọ́jọ́ kẹta tí mo dé, mo sìn ín lọ sí jọ́ọ̀bù sẹ́ńtà, ọ́fíìsì tí àwọn tó ń gba bẹ́nífíìtì ti máa ń jábọ̀. Mo ti múra ariwo sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ìjọba bá ti ń pín nǹkan nílé: ìlà, oòrùn, ọlọ́pàá àti pàṣán. Níbí, inú ilé lọ́ wọ́ọ́rọ́, àga wà fún gbogbo ayé. Òyìnbó gìrìpá kan tó fín ara láti ọrùn dé ọmọ ìka jókòó tì mí. Wọ́n fi pẹ̀lẹ́ pe orúkọ ẹ̀, ọmọge ìdí kọ̀ǹpútà sì ń béèrè àlàáfíà ìyá ẹ̀ kó tó béèrè ohunkóhun. Mo lanu sílẹ̀. Nígbà tó kan Morẹ́nikẹ́, ó ṣí fóònù, ó ń ka gbogbo iṣẹ́ tó ti kọ̀wé sí lọ́sẹ̀ yẹn, mẹ́rìnlá. Ká ní kò wá ni, wọn ì bá gé owó ẹ̀. Èmi tí mo ti ń sọ fún wọn n'Ìbàdàn pé òyìnbó ń fowó kọ́ èèyàn lọ́lẹ!

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé iṣẹ́ ìmọ́tótó bọ́ sí i ní ọsibítù, ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. A wọ bọ́ọ̀sì padà, pọ́n-ùn méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹgbàajì náírà, fún ọ̀nà tí mo lè fẹsẹ̀ rìn nílé.

Mo ní, "Tó o bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣé bẹ́nífíìtì á ṣì máa wá?"

"Wọ́n á máa yọ nínú ẹ̀. Nínú pọ́n-ùn kan tí mo bá rí, ohun tí wọ́n á fà padà lé díẹ̀ ní ìdajì."

"Kí wá lèrè ibẹ̀? Jókòó sílé, kó o máa jẹ tìẹ jẹ́jẹ́!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Bùọ̀dá, oṣù márùn-ún ni mo ti jókòó. Ọjọ́ míì wà tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa kí mi káàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa tiwọn yọ. Ìyókù, tèmi ni. Àwọn èèyàn tí màá sì máa rí níbiṣẹ́, wọn ò lè yọ ìyẹn."

Ọjọ́ Mọ́ńdè la lọ sí káńsù. Ọ̀dọ́bìnrin òyìnbó kan ló gbà wá, ó ní kí èmi náà jókòó. Ó béèrè títí, Morẹ́nikẹ́ ń dáhùn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ló bá béèrè pé, "Ṣé ẹ ní ilé tàbí ilẹ̀ kankan, níbí tàbí lókè òkun?"

Morẹ́nikẹ́ ní, "Rárá."

Ará ilé, ara mi gbóná. Níwájú àjèjì, ọmọ bàbá mi ní òun ò nílé! Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá sọ irú ẹ̀ ti sọ pé òun ò ní bàbá nìyẹn. Mo gbàgbé ohun tá a bá wá. Mo na ọrùn, mo fi Gẹ̀ẹ́sì mi sọ pé, "Ó nílé o! Ilé bàbá wa wà n'Ìbàdàn, yàrá mẹ́wàá, páànù tuntun. Yàrá tiẹ̀ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án!"

Ọwọ́ ọmọbìnrin náà dúró lórí kọ̀ǹpútà. Morẹ́nikẹ́ wolẹ̀. Ẹyin lohùn, ó ti fọ́. Ọmọbìnrin náà fara balẹ̀ sọ fún mi pé òun ní láti kọ ìyẹn sílẹ̀, pé ẹni tó bá nílé níbòmíràn, fúláàtì yẹn lè má tọ́ sí i. Ó ní ká mú ìwé ilé náà wá kó tó di Fúráìdè, àwọn á di fúláàtì náà mú dìgbà yẹn.

Ìgbà tá a dé yàrá ló jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò tiẹ̀ bọ́ kóòtù.

"Bùọ̀dá, ta ló ń gbé yàrá mi?"

Mo mọ̀ọ́mọ̀ wúkọ́. "Ìyá Bọ́láńlé ni. Opó kan. Ọdún mọ́kànlá."

"Ta ló ń gbowó ilé?"

"Èmi ni."

"Ìwé ilé yẹn, orúkọ ta ló wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Tèmi." Mi ò rọ́nà yà sí. Nígbà tí bàbá wa kú, sọ̀fíò tó bá wa ṣe ìwé ilé ní ìwé olórúkọ kan ló máa ń yá, mo sì sọ lọ́kàn ara mi pé, obìnrin tó ti lọ Òyìnbó, kí ló fẹ́ fi yàrá n'Ìbàdàn ṣe. Gbogbo ọdún tí mo fi ń sọ fún un lórí fóònù pé yàrá ẹ̀ wà ńbẹ̀, mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ti pa á títí ó fi mọ́ mi lẹ́nu, tí mo fi lọ pa á fún káńsù. Morẹ́nikẹ́ kò bú mi. Ó dìde, ó lọ se ìrẹsì.

Ṣọlá ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo gbé e síwájú ọmọbìnrin náà. Mo ní, "Màdáámù, irọ́ ni mo pa fún yín. Kò ní yàrá kankan níbẹ̀. Owó ẹ̀ la fi kan páànù ilé náà, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ orúkọ ara mi nìkan sínú ìwé. Mo fi yàrá ẹ̀ háyà, mo sì ń ná owó ibẹ̀." Òógùn bò mí nínú òtútù yẹn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé. Èmi ru tèmi dé Manchester.

Ó béèrè bóyá Morẹ́nikẹ́ lè tà á, tàbí bóyá ó lè lọ gbé ibẹ̀ tó bá fẹ́. Mo ní kò lè ṣe ọ̀kankan. Ó wo àbúrò mi, ó tẹ nǹkan sórí kọ̀ǹpútà. Ó wá ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́, sà." Ká ní ó bú mi ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ gbà mí! Yàrá, pálọ̀, kíṣìnì, ilé ìwẹ̀, tirẹ̀ nìkan, owó ẹ̀ lé díẹ̀ ní irinwó pọ́n-ùn lóṣù. Ilẹ̀ lásán ni wọ́n gbé fún un, kò sí kápẹ́ẹ̀tì, kò sí sítóòfù, ṣùgbọ́n gíláàsì méjì méjì ló wà lójú fèrèsé, ilẹ̀kùn náà sì nípọn, ó ní ínjìsì mẹ́ta, ó ń pa dé fúnra ẹ̀ láìpariwo. Mo ṣí i, mo tì í, mo tún ṣí i. Ogójì ọdún nídìí iṣẹ́, mi ò kan irú ẹ̀ rí fún tálákà.

Morẹ́nikẹ́ ní, "Bùọ̀dá, ẹ bọ́ síta."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ṣáà bọ́ síta."

Ó tìlẹ̀kùn mọ́ mi síta. Mo dúró, mo kanlẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?" Ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni."

Ó ṣílẹ̀kùn. Omi bo gbogbo ojú ẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ sílé mi," ló wí. Èmi náà sunkún, mi ò tijú. Mo fi òòlù mi kan pẹpẹ kan sí kíṣìnì ẹ̀ kí n tó máa bọ̀ nílé.

Nínú ọkọ̀ òfúrufú, ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò. Àwọn tí wọn ò bá wa tan, tí wọn ò mọ bàbá wa, fún ọmọ ìyá mi ní ohun tí èmi gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo búra pé bí mo bá ti délé, màá tún un ṣe. Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo sọ fún Ìyá Bọ́láńlé pé kó kó jáde kó tó di ìparí oṣù. Mo wá pe Morẹ́nikẹ́ tayọ̀tayọ̀ pé yàrá ẹ̀ ti padà sọ́wọ́ ẹ̀.

Ó ní, "Ìyá tí ẹ ní opó ni yẹn?"

"Òun ni. Ilé ìwé kan ló ti ń gbálẹ̀."

"Níbo ló ń kó lọ?"

"Mi ò bi í."

"Bùọ̀dá, gbogbo ohun tí ẹ rí lọ́dọ̀ mi, èyí lẹ rí kó délé? Tí ẹ bá lé e jáde, káńsù wo ló máa gbà á n'Ìbàdàn? Mi ò fẹ́ yàrá kankan mọ́. Mo ti nílé."

Mo dìde, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Obìnrin náà ti di ẹrù ẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn, ó ń so okùn mọ́ ìkẹyìn. Mo ní, "Ìyá Bọ́láńlé, ẹ tú ẹrù yín. Ẹ ò lọ mọ́."

Kò jẹ́ kí okùn bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Bàbá, èló lẹ fẹ́ fi kún owó ilé?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo rí i pé kò gbà mí gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bá a tú okùn náà.