Ìsó Tí Gbogbo Wọ́ọ̀dù Ń Retí

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi níkùn, dókítà ní n kò gbọdọ̀ mu omi àfi tí mo bá só, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìfun mi ti ń ṣiṣẹ́. Èmi tí ojú ń tì láti jẹun níwájú àlejò. Ọ̀fun mi gbẹ táútáú. Nọ́ọ̀sì tí kò mọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ọmọ yìí, o ò tíì só ni?" Àwọn ará abúlé tó wá kí mi á yíjú sí mi, wọ́n á máa retí èsì.

Nígbà tí mo rọra só, ìyá mi nìkan ló gbọ́. Wọ́n dìde, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa dúpẹ́, ó ti só." Gbogbo wọ́ọ̀dù kí wa kú oríire bí ẹni pé ìbejì ni mo bí. Nọ́ọ̀sì bu omi fún mi. Mo faṣọ borí mu ún.